Páálí oúnjẹ Thanksgiving tí mo rà ní Atlanta: èyí tó tó owó ẹ̀ àtèyí tí ẹ lè fi sílẹ̀ fún wọn

Ẹ̀yin tèmi tí ẹ wà ní apá gúúsù Amẹ́ríkà níbí, Georgia, Alabama, Carolina méjèèjì, ẹ wá gbọ́ o. Odidi páálí oúnjẹ Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ni mo rà lọ́dún yìí lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù soul food (oúnjẹ ìbílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà) kan ní ìlà-oòrùn Atlanta. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ní ẹjọ́ wọn í rò, àmọ́ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri ibí, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, nítorí náà ibikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ rà, ọ̀rọ̀ yìí á wúlò fún yín. $210 ni wọ́n ta tiwa, wọ́n ní èèyàn mẹ́wàá máa jẹ ẹ́ yó. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, Thursday kẹrin oṣù November ni Thanksgiving máa ń bọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó máa gba shift mi ṣe torí pé mo fẹ́ lọ yan tọ́kì. Ẹni tó jáde níṣẹ́ láago méje àárọ̀, ìgbà wo ló fẹ́ dáná? Àwọn ọmọ náà sì ti kéde pé àwọn ò fẹ́ rí jọ̀lọ́ọ̀fù sójú lọ́jọ́ yẹn, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń jẹ nílé wọn làwọn náà fẹ́ jẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí ò ráyè kàwé gígùn: ẹ ra àwọn sáìdì, ìyẹn àwọn oúnjẹ tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, ẹ ra àwọn nǹkan dídùn, ẹ fi tọ́kì wọn sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ mi ná kí inú mi lè fúyẹ́. Wọ́n ní ká wá gbà á láàárín aago méjì sí mẹ́rin lọ́jọ́ Wednesday. Mo débẹ̀ ní méjì géérégé, ìlà ti yí ilé náà po, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí wọ́n ń pààkì mọ́tò sí, ìgbà tó fi máa kàn mí ilẹ̀ ti ṣú. Ìyá àgbà kan ló ń pín nọ́ńbà, gbogbo wa ló ń pè ní baby, àtọmọdé àtàgbà, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa, ó jọ pé òun nìkan ni inú ẹ̀ dùn níbẹ̀. Mo délé, mo ṣí páálí, peach cobbler (èso peach tí wọ́n yan pẹ̀lú ìyẹ̀fun lórí) tí mo sanwó fún ti di apple cobbler! Mo pè wọ́n, wọ́n ní peach ti tán. Ẹ ò wá lè pè mí kí n tó wá? Ẹ ò lè fi tẹ́ẹ̀sì kan ṣọwọ́? Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà o. Ohun tó tún wá ń bí mi nínú ni pé apple náà dùn. Àti pé tí a bá fẹ́ sòótọ́, May sí August ni peach Georgia ń jáde, èyí tí wọ́n bá fi ṣe cobbler fún yín ní November, inú agolo tàbí inú frísà ló ti wá, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà ìwọ́wé gan-an ni wọ́n ń ká apple lápá Ellijay ní àríwá Georgia lókè lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bi èèyàn náà ni.

Ó yá, oúnjẹ.

Mac and cheese, mákàrónì oníṣíìsì, ni mo fẹ́ fi ṣáájú torí òun ló gbé gbogbo páálí yẹn. Ẹ gbàgbé ti inú páálí búlúù yẹn tí ẹ máa ń fún àwọn ọmọ lẹ́yìn iléèwé. Ti apá ibí, inú óófùn ni wọ́n ti ń yan án, wọ́n á lu ẹyin sí i, wọ́n á da mílíìkì agolo sí i, irú èyí tí a fi ń mu tíì nílé, wọ́n á wá rẹ́ ṣíìsì cheddar tó kan díẹ̀ sí i, àárín lọ́tọ̀, orí lọ́tọ̀. Ẹyin yẹn ló jẹ́ kó dì, tí ẹ bá fọ̀bẹ gé e ó máa dúró gbágbágbá bíi mọ́ínmọ́ín, kì í ṣàn. Igun páànù ni kí ẹ tètè mú o, ibẹ̀ ni ṣíìsì ti jóná díẹ̀ tó wá le, tó ń dún kákáká lẹ́nu, ọmọ mi àgbà àti bàbá ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i. Kì í kúkú ṣe oúnjẹ àná, James Hemings tó jẹ́ ẹrú Thomas Jefferson tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, tí ọ̀gá ẹ̀ mú lọ sí Paris ní 1784 kó lọ kọ́ bí àwọn Faransé ṣe ń dáná, wà lára àwọn tí wọ́n máa ń dárúkọ tí wọ́n bá ń sọ bí mákàrónì oníṣíìsì ṣe gbilẹ̀ níbí. Ó di 1796 kí Jefferson tó dá a sílẹ̀. Mo máa ń rántí ẹ̀ tí wọ́n bá gbé páànù yẹn sílẹ̀, ẹni tó ń se é kì í ṣe ẹni tó ń jókòó jẹ ẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e gbóná lọ́jọ́ kejì, ẹ má gbé e sínú maikíróweefù, òróró á yọ kúrò lára ẹ̀, mákàrónì á wá le bí rọ́bà. Ẹ wọ́n mílíìkì díẹ̀ sí i, ẹ fi fóìlì bo ojú ẹ̀, ẹ gbé e sí óófùn ní 350 Fahrenheit, tó bá ti gbóná dé àárín ẹ ṣí fóìlì kúrò kí orí ẹ̀ tún padà gan. Ìyàtọ̀ ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Collard greens wá ńkọ́. Màmá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn, wọ́n ṣí ike ẹ̀fọ́ yẹn, wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ẹ̀fọ́ wo lèyí? Epo dà? Irú dà?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná.” Ewé yẹn le púpọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sè é pẹ́ gan-an pẹ̀lú ẹran tí wọ́n ti fi èéfín yan, àlùbọ́sà, ọtí kíkan díẹ̀ àti ata gbígbẹ, títí ewé á fi rọ̀ tí omi ẹ̀ á sì gba gbogbo adùn ẹran yẹn sára. Omi yẹn gan-an lẹ̀mí ẹ̀fọ́ yẹn. Àwọn onílé níbí, cornbread, búrẹ́dì àgbàdo, ni wọ́n máa ń rún sí i. Màmá tọ́ ọ wò, wọn ò sọ̀rọ̀, ó ṣe díẹ̀ wọ́n ní kí n lọ ro èbà wá. Lọ́jọ́ Thanksgiving! Wọ́n fi èbà jẹ collard greens tán, wọ́n tún bèèrè bóyá ó kù. Ọrùn tọ́kì ni wọ́n fi se tiwa torí mo béèrè fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè o, torí ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan ni ọ̀pọ̀ wọn ń kó sí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, wọn ò sì ní sọ fún yín tí ẹ ò bá bèèrè. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn Mùsùlùmí wa kì í fọkàn sí ni marshmallow, súìtì funfun rírọ̀ tí wọ́n máa ń tò sórí ànàmọ́, gelatin tó wà nínú ẹ̀, láti ara ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń wá. Ẹ ní kí wọ́n ṣe tiyín láìsí i.

Ànàmọ́ ọ̀hún, candied yams, ẹ gbà mí o. Ṣúgà pupa, bọ́tà, cinnamon, fáníla, orí abọ́ oúnjẹ gangan ni wọ́n gbé e sí o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, kì í ṣe ìgbẹ̀yìn oúnjẹ. Omi ṣúgà yẹn ki débi pé ó ń fà tẹ̀lé ṣíbí. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀. Èmi ò lè jẹ ju ẹyọ méjì lọ, ẹ̀yin tí dókítà ti kìlọ̀ ṣúgà fún, ẹ jìnnà sí i pátápátá, pàápàá tí pie (nǹkan dídùn tí wọ́n yan sínú ìyẹ̀fun) ṣì ń bọ̀.

Dressing dáa. Cornbread ni wọ́n rún, wọ́n fi celery, àlùbọ́sà, ewé sage àti omi ẹran pò ó, wọ́n wá yan án nínú páànù. Orí ẹ̀ pọ́n, inú ẹ̀ rọ̀, àmọ́ ẹni tí sage ò bá lára mu kò ní fẹ́ràn ẹ̀, òórùn ẹ̀ lágbára. Búrẹ́dì róboto tí wọ́n fi sí i ò ní nǹkan tí mo lè sọ nípa ẹ̀, búrẹ́dì ni. Cornbread tí wọ́n fi sí i gbẹ, kódà mi ò mọ ìdí tí èèyàn fi máa san owó fún cornbread nígbà tí páálí Jiffy, ìyẹ̀fun cornbread tí wọ́n ti pò sílẹ̀, ò tó dọ́là méjì, láti 1930 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Chelsea, Michigan. Ẹyin kan, ìdá kan nínú mẹ́ta ife mílíìkì, óófùn 400, kó tó ogún ìṣẹ́jú ó ti jinná. Àwọn àgbà kan níbí á ní cornbread tó ní ṣúgà kì í ṣe cornbread, ìjà yẹn kì í tán láàárín wọn, èmi ò sí níbẹ̀.

Tọ́kì wá rèé. Ó gbẹ. Ó gbẹ débi pé omi ẹran tí wọ́n bù sínú ike tán kí a tó jẹ ìdajì ẹ̀, igẹ̀ ẹ̀ ń já bí òwú. Mi ò dá wọn lẹ́bi púpọ̀, tọ́kì tí wọ́n yan ní Wednesday tí a tún gbé gbóná ní Thursday, báwo ló ṣe fẹ́ rọ̀ lẹ́nu? Lọ́jọ́ kejì mo gé ìyókù ẹ̀ wẹ́wẹ́, mo dà á sínú ata díndín, ìgbà yẹn ló tó di ẹran. Ẹ ra adìyẹ méjì, ẹ fi ata àti tọ́máàtì yín se é bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n sè, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mac and cheese yẹn. Kò sí àlejò tó máa bèèrè tọ́kì.

Àwọn nǹkan dídùn ni mo ti ń sáré bọ̀ wá sí. Sweet potato pie wọn, àh! Ní November 2015 ọkùnrin kan ṣe fídíò kan sórí YouTube, ó ń jẹ pie tí Patti LaBelle olórin ń tà ní Walmart, bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń kọrin bíi Patti fúnra ẹ̀, kò pẹ́ tí pie yẹn fi di ọ̀wọ́n gógó káàkiri. Mo ti jẹ ti Walmart yẹn, ó dùn, àmọ́ ti màmá ṣọ́ọ̀bù yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ẹ̀ ò ki jù, kò ṣàn, ẹ ó rí fọ́nrán ànàmọ́ tín-ín-rín kọ̀ọ̀kan tí wọn ò lọ̀ tán, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe ti agolo. Ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní bọ́tà, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu. Ṣúgà ẹ̀ mọ níwọ̀n, lọ́dọ̀ àwọn tó se ànàmọ́ ọ̀hún ná! Ìyá mi tí kì í jẹ nǹkan dídùn, màmá ọkọ mi náà ni mò ń sọ, jẹ ègé méjì pẹ̀lú tíì.

Pecan pie, èyí tí wọ́n fi èso pecan tó jọ ẹ̀pà ṣe, $28 lọ́tọ̀ ni. Ó wọ́n, àmọ́ Georgia ni wọ́n ti ń gbin pecan yẹn rẹpẹtẹ, ó sì kún inú ẹ̀ dénú, kì í ṣe pé wọ́n kàn tò ó sórí kí ẹ wá bá omi ṣúgà nísàlẹ̀. Ẹ gé e kékeré.

Banana pudding ni mo fún ní máàkì tó kéré jù nínú àwọn dídùn, kì í ṣe pé kò dáa, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ẹ̀ ti ń dúdú ká tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, èyí sì rọrùn láti ṣe nílé: bisikíìtì Nilla, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, kọ́sítáàdì, ẹ tò wọ́n léra wọn, ẹ gbé e sí fúríìjì mọ́jú kí bisikíìtì lè rọ̀. Àwọn ọmọ yín gan-an lè bá yín ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ yìí pọ̀, ẹ má sì gbé e sórí tábìlì láti ọ̀sán di alẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe lóde àríyá. Wákàtí méjì, ẹ dá a padà sí fúríìjì, tí ẹ bá ń gbé e gbóná kí àárín ẹ̀ dé 165, tó bá ti pé ọjọ́ mẹ́rin ẹ dà á nù tàbí kí ẹ ti gbé e sí frísà.

Ẹ̀wà olójú dúdú wọn nìkan ló kù tí mi ò tíì sọ̀rọ̀ bá. Kò níyọ̀, kò láta. Ẹ̀wà wa ni o, láti Áfíríkà ló ti bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé ibí, ọjọ́ kìíní ọdún tuntun sì ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́ jù, pẹ̀lú collard greens, wọ́n ní ẹ̀wà ni owó ẹyọ, ẹ̀fọ́ ni owó dọ́là bébà. Ẹ̀fọ́ ni màá rà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀wà January 1, èmi ni màá sè é, màá sì yọ lára ẹ̀ sọ́tọ̀ fi dín àkàrà.

Lísìtì Kérésìmesì wọn ti ṣí báyìí, sáìdì mẹ́rin láìsí tọ́kì jẹ́ $125, pie lọ́tọ̀, ìdajì owó ni wọ́n ń gbà sílẹ̀. Mo ti san tèmi, sweet potato méjì àti pecan kan, àárọ̀ ni mo ní kí wọ́n kọ pé mo ń bọ̀, torí àárọ̀ ni ìlà kì í tíì gùn, mo sì ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù mi gàdàgbà sórí fọ́ọ̀mù, tí nǹkan kan bá tán kí wọ́n pè mí.