Tó bá jẹ́ torí bíà lẹ ṣe ń lọ London, ẹ dé sí Bermondsey

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé bíà lèmi ń bá ṣeré, kì í ṣe ògógóró, kì í ṣe wáìnì. Torí náà nígbà tí mo ní mo tún ń lọ London lọ́dún tó kọjá, ohun tí gbogbo wọn kọ́kọ́ bi mí ni pé ibo ni mo fẹ́ dé sí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, torí wọ́n rántí ohun tójú mi rí nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ìyẹn ná. Hòtẹ́ẹ̀lì kan lápá Heathrow ni mo dé sí nígbà yẹn, owó ẹ̀ ló wọ̀ mí lójú, mo rò pé mo gbọ́n. Alẹ́ Wẹ́sidé kan báyìí, mo jókòó sílé ọtí kan láàárín ìlú, mo ń jayé orí mi, kí n tó wo aago, tíréènì abẹ́ ilẹ̀ ti parí tọjọ́ náà. Bọ́ọ̀sì òru N9 ló kù, Aldwych ló ti ń gbéra, Heathrow ló ń lọ, kò sì síbi tí kì í dúró. Mo ti mu páìnì mẹ́rin. Páìnì tiwọn kan, mílílítà 568 ni o, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Kò sí ilé ìtọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Èmi àgbà tí mo ti lé lógójì, mo fún itan pọ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí dírẹ́bà má tẹ bìréèkì lójijì. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé ibi tí mo bá ti máa mutí nílùú àwọn èèyàn, ẹsẹ̀ ara mi ló máa gbé mi délé.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo fara balẹ̀ wá àdúgbò. Àwọn kan ní Soho, àwọn kan ní Shoreditch. Soho dáa fún ìrìn o, ilé ọtí kún ibẹ̀ bí eèrà, àmọ́ owó yàrá ibẹ̀, háà, owó tẹ́ ẹ máa fi sùn, ẹ ò ní rí tẹ́ ẹ máa fi mu mọ́. Shoreditch ní tiẹ̀, ariwo, títí di ààjìn. Èmi fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pọn bíà gan-an, kì í ṣe ibi tí wọ́n kàn ń tà á, mo fẹ́ oúnjẹ nítòsí, mo sì fẹ́ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó máa gbé mi dọ́dọ̀ àǹtí mi ní Peckham. Ti àǹtí mi yìí gan-an ló le jù. Díkónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lójú ọ̀nà Old Kent Road, ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì àwa èèyàn wa pọ̀ sí débi pé láàárọ̀ Sunday, gèlè lẹ máa rí lójú títì, ẹ máa rò pé Mushin lẹ wà. Wọn ò gbọ́dọ̀ bá mi níbi ọtí. Torí náà, mo fẹ́ súnmọ́ wọn, àmọ́ kì í ṣe kí n súnmọ́ jù.

Bí mo ṣe dé Bermondsey nìyẹn. Apá gúúsù odò Thames ló wà, tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lórí Tower Bridge, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ máa fi rìn dé Maltby Street. Ohun tó sọ àdúgbò yìí di ti ọlọ́tí ni afárá reluwé kan tí wọ́n fi bíríkì mọ, ó gùn láti London Bridge títí lọ sápá Greenwich. Ọdún 1836 ni tíréènì bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí ẹ̀, reluwé àkọ́kọ́ tí London ní nìyẹn, ihò abẹ́ ẹ̀ sì lé ní 850. Ẹ̀ẹ́ bi mí pé kí ni reluwé kan bíà. Òun náà ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ihò abẹ́ afárá yẹn fẹ̀, òrùlé ẹ̀ ga, ilẹ̀ ẹ̀ le, tí wọ́n bá da omi sí i kò sí wàhálà, tẹ́lẹ̀ owó háyà ẹ̀ ò sì pọ̀, torí ta ló fẹ́ gbé abẹ́ tíréènì? Ẹni tó ń pọntí. Lọ́dún 2009, ọmọ Ireland kan tó ń jẹ́ Evin O'Riordain, tó ń ta wàràkàṣì tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà lábẹ́ ẹ̀, ó pè é ní The Kernel. Àwọn míì rí i, wọ́n tẹ̀ lé e, kó tó pẹ́, ihò dé ihò di ilé ìpọntí, wọ́n wá ń pe gbogbo ẹ̀ ní Bermondsey Beer Mile. Máìlì kan lorúkọ ẹ̀ o, àmọ́ ẹsẹ̀ mi mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ọjọ́ Friday, bí aago márùn-ún, ni mo kọ́kọ́ wọ ọ̀kan nínú wọn. Àga onígi gbọọrọ, ìgò tó ṣófo nínú páálí, lẹ́yìn wọn àwọn ìkòkò irin ràbàtà tó ń dán, ó ga ju èèyàn méjì lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ bàtà rọ́bà, ó ń fi họ́ọ̀sì fọ ilẹ̀, omi ń ṣàn gba ẹsẹ̀ àwa tá à ń mu kọjá, kò sẹ́ni tó bínú. Òórùn ibẹ̀ ló mú mi dúró. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń se ògì bàbà láàárọ̀, kó tó ki, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó, òórùn yẹn gan-an ni, ọkà tí wọ́n bomi gbígbóná lé. Ìyá ìyá mi a máa pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, mo mọ òórùn ọkà tí wọ́n rẹ tó hù. Mo dúró níbẹ̀ bí ọmọ tó sọnù, tíréènì wá kọjá lókè orí wa, gbùùùrù, ìfé ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìhó ojú bíà náà ń gbọ̀n, ó kọjá lọ, gbogbo wọn ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ohun kan tó dáa níbẹ̀ ni pé kò pọn dandan kẹ́ ẹ mu páìnì. Òfin wọn gba ìdá mẹ́ta páìnì, ìyẹn bíi mílílítà 189, ó gba ìlàjì, ó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta náà, kí wọ́n ṣáà má bù ú lójú lásán. Ìdá mẹ́ta yẹn lèmi ń mú kiri, ìyẹn ni mo fi tọ́ mẹ́fà wò lọ́jọ́ kan tí mo sì ń rìn gbọọrọ lọ sílé. Nílé kan ní Druid Street tó ń jẹ́ Anspach & Hobday, bíà dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní London Black, 4.4% péré ni, ó dúdú bí omi ẹlú, ó sì kúnná lẹ́nu bí ẹ̀kọ mímu. Orúkọ irú bíà dúdú yẹn ni porter, ẹ sì mọ ohun tí porter jẹ́? Alábàárù. Àwọn alábàárù tó ń ru ẹrù lọ́jà àti létí odò ní London láyé ọjọ́un ló ń mu ún, ni wọ́n bá fi orúkọ wọn pè é. Ẹ wo ohun tí alábàárù ń mu nígbà yẹn tó wá di ohun tí wọ́n ń ta fún onífìlà àti oníbéárédì ní pọ́n-ùn mẹ́fà, mẹ́fà ààbọ̀.

Ti Kernel ni mo fẹ́ràn jù. Kò sí àwòrán alárànbarà lára ìgò wọn, bébà ràkọ̀ràkọ̀ lásán ni, orúkọ bíà àti ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀, ó parí. Wọ́n ní stout kan tí wọ́n ń pè ní Export Stout, ìlànà London ti 1890 ni wọ́n fi pọn ọ́n, kì í sábà dín ní 7%, ó ta létè, ó korò ní ẹ̀yìn ọ̀fun, ó sì ń padà wá dùn. Ẹni tó bá mu ọdẹ́kú dàgbà máa mọ ilé ẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu o, torí irú stout tó lágbára, tí wọ́n pọn kó lè fara da ọkọ̀ ojú omi, ló bí Guinness tiwa tó jẹ́ 7.5%. Èyí tí wọ́n ń fa lẹ́rọ nílé ọtí wọn ní London, ó lé díẹ̀ ní 4% ni. Tí mo bá sọ fún àwọn òyìnbó pé ìlàjì tiwa lẹ̀ ń mu yẹn, wọ́n á ní kí n yé purọ́.

Nísìnyí ẹ gbọ́ àléébù ẹ̀, torí àwọn tó ń yin ibẹ̀ kì í sọ ọ́. Àwọn ilé abẹ́ afárá yẹn, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣí lójoojúmọ́, láti Thursday lọ sí Sunday ni ọjà wọn. Tẹ́ ẹ bá dé ní Monday, ilẹ̀kùn irin lẹ máa bá. Ilé ìpọntí míì sì ti kó lọ, òmíì ti pa, torí owó háyà tó kéré tẹ́lẹ̀ ti gòkè, ẹ má gbára lé orúkọ tẹ́ ẹ kà síbì kan láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ẹ wò ó lórí fóònù kẹ́ ẹ tó bọ́ síta. Satidé ní tiẹ̀, ẹ má lọ lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Àwọn ọkọ ìyàwó lọ́la ni, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjìlá, gbogbo wọn wọ irú aṣọ kan náà, wọ́n ń kọrin, ìlà ilé ìtọ̀ dé ojú títì, ẹ sì ti mọ ìtàn èmi pẹ̀lú ilé ìtọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kẹ́ ẹ wá yàrá sápá South Bermondsey. Ààrin Borough àti Bermondsey ni kẹ́ ẹ ti wá a, ní itòsí Tower Bridge Road, kí Friday àti Sunday wà fún abẹ́ afárá, kí ọjọ́ yòókù wà fún àwọn ilé ọtí àtijọ́ Borough, tí gbogbo wọn ò sì ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. The George wà lójú Borough High Street, iná jó àdúgbò náà lọ́dún 1676, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n tún un kọ́, bálíkóní onígi ẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí arúgbó, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà. Ẹ máa kọjá níwájú Hop Exchange ní Southwark Street, ilé aláràbarà kan ti 1867, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná hops, òdòdó tó ń mú kí bíà korò, tó ń wọlé láti Kent.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ máa wọ̀, Royal Oak ni, ní Tabard Street. Bíà Harvey's láti Lewes ni wọ́n ń tà. Bíà inú àgbá ni, wọn ò fi gáàsì tì í jáde, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á. Ọmọbìnrin tó ń tà á di ọwọ́ igi mú, ó fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún fà á, bíà náà rọra ń gòkè nínú ìfé, ó pọ́n bí omi ọ̀sun, kò yára rárá. Mo gbé e mu. Kò tutù! Mo bi í pé ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí, nǹkan bíi 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, tó bá tutù jù ẹnu ò ní mọ adùn ẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Inú mi ò kọ́kọ́ dùn sí i, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo mu ún dé ààrin ni mo rí i pé bíà tó tutù bíi yìnyín tá à ń mu nílé yìí, òtútù là ń mu.

Oúnjẹ ńkọ́? Satidé àti Sunday, ọjà Maltby Street wà níbẹ̀, ó dáa, ó wọ́n. Ní Tower Bridge Road, M. Manze ti wà níbẹ̀ láti 1902, páì ẹran àti ọ̀dùnkún gígún ni wọ́n ń tà, wọ́n á wá da ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé kan lé e lórí. Liquor ni wọ́n ń pè é, kò sí ọtí kankan nínú ẹ̀, ewé parsley ni. Mo rí i, mo ní, ewédú! Ẹ má retí kó fà o. Àmọ́ lẹ́yìn ọtí, ó ṣe iṣẹ́ tí àmàlà ń ṣe.

Yàrá tí mo gbà, mi ò ní dárúkọ onílé, àwòrán tó fi síta ò fi afárá hàn. Ojú fèrèsé mi gan-an ni tíréènì ń gbà kọjá láti aago márùn-ún ìdájí. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo máàpù, kẹ́ ẹ rí i pé òpópónà méjì ó kéré tán ló wà láàárín yín àti ìlà reluwé. Yàtọ̀ síyẹn, márùn-ún nínú márùn-ún ni mi ò bá fún àdúgbò yìí, tìtorí Satidé àti owó bíà, mo fún un ní mẹ́rin.

Sunday tó kẹ́yìn, mo wọ bọ́ọ̀sì 78 ní Tower Bridge Road, ó já mi sí Peckham láìyí ọkọ̀. Mo ti jẹ mint mẹ́ta. Àǹtí mi gbé ìrẹsì àti ẹja síwájú mi, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o ti rù, wọn ò fún ẹ lóúnjẹ gidi níbi tó o dé sí.” Wọ́n ṣí fíríìjì. Ohun tí wọ́n gbé jáde, ìgò dúdú, Guinness ti Nàìjíríà, tí wọ́n ń kó wọlé tà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa ní Rye Lane, pẹ̀lú agolo mílíìkì kan. Mo la ẹnu, mi ò lè pa á dé. Wọ́n ní kí n yé wò wọ́n bẹ́ẹ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe ọtí.