Ìdíyelé ilé alámọ̀ wa ní Kétu: iṣẹ́ adíyelé tí a pè láti Àjàṣẹ́

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Kútọnu ní kí a fi owó san ìpín òun nínú ilé bàbá wa àgbà tó wà ní Kétu ní ilẹ̀ Benin, tí kò jìnnà sí ẹnubodè Akaba Ìdẹ́nà. Kí a tó lè san án, a gbọ́dọ̀ mọ iye tí ilé náà tó, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú, nítorí ilé alámọ̀ olójúlé mọ́kànlá tó yí akódì ká ni, kò sì sí ẹni tó rántí pé wọ́n ta irú rẹ̀ rí ní àdúgbò wa.

Adíyelé tí a kọ́kọ́ pè kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó wọn ilẹ̀, ó ya fọ́tò láti ojú ọ̀nà, ó sì kọ ọ́ pé ilẹ̀ nìkan ló níye, mílíọ̀nù mẹ́ta sẹ́fà (owó tí à ń ná ní Benin), pé ilé orí rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan nítorí pé amọ̀ ni. Èyí dùn mí gidigidi. Ilé tí èèyàn mẹ́tàdínlógún ń sùn sí lálaalẹ́ ni ó pè ní òfo.

Ẹnì kejì, tí ọ̀rẹ́ kan júwe fún wa, ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wá, iṣẹ́ tirẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọjọ́ méjì gbáko ló lò. Kó tó fa tépù yọ, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá tó dàgbà jù nínú agboolé, ó ní, “Ẹ kú ilé, Màmá. Ta ló mọ ògiri yìí?” Màmá ní bàbá ọkọ òun ni, pé ìpele márùn-ún ni, àti pé wọ́n máa ń dúró kí ìpele kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi imú ọ̀bẹ kékeré gún ẹsẹ̀ ògiri kiri. Níbi tí òjò ti máa ń ta sí i, amọ̀ ń ya bí èlùbọ́. Níbi tí páánù ti ṣíji bò ó, imú ọ̀bẹ kò wọlé rárá. Ó wọn bí ògiri ṣe nípọn tó lẹ́nu ọ̀nà, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 46. Ó gun òkè àjà, ó rí i pé àgbọn olódu, tí ikán kì í lè jẹ bọ̀rọ̀, ni igi òrùlé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Omi abẹ́ ilẹ̀ jìn púpọ̀ ní Kétu, nítorí náà ni àwọn bàbá wa ṣe gbẹ́ ìkùdù omi òjò sáàárín akódì. Ẹni àkọ́kọ́ tẹ ọmọrí rẹ̀ kọjá. Ẹni yìí sọ okùn sínú rẹ̀, ó béèrè oṣù tí omi rẹ̀ ń tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ṣírò ohun tí gbígbẹ́ irú rẹ̀ yóò ná ènìyàn lónìí.

Ilẹ̀ nìkan ló rí irú rẹ̀ tí wọ́n ti tà láti fi díwọ̀n iye rẹ̀. Ní ti ilé, ó ṣírò iye tí a ó ná bí a bá tún un mọ lónìí pẹ̀lú amọ̀, ó sì yọ ti ogbó kúrò. Owó iṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí àwọn tó ṣì mọ ògiri amọ̀ í mọ kò pọ̀ mọ́. Ó yọ díẹ̀ nítorí pé a kò ní titre foncier, ìwé ìjọba tó fi hàn pé àwa la ni ilẹ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Yàrá tí a sin bàbá wa àgbà sí ló le jù. Àjèjì kò ní fẹ́ ra yàrá náà, àwa náà kò sì lè tà á láé. Dípò kó fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sábẹ́ ìṣirò, iye méjì ló kọ fún wa: mílíọ̀nù méje ó lé irínwó ẹgbẹ̀rún sẹ́fà bí a bá ń pín in láàárín ara wa, mílíọ̀nù márùn-ún bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. N kò tíì rí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún òkú àti fún òtítọ́ pọ̀ báyìí nínú ìwé owó.

Àléébù wà níbẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ méjì ló dá pé ìwé yóò fi jáde, márùn-ún ló lò. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà sẹ́fà ni a dá, ìgbà tó dé ló tó mẹ́nu ba owó ọkọ̀. Èdè Faransé nìkan ló sì fi kọ ìwé náà, bẹ́ẹ̀ Màmá tó fún un ní ìtàn ilé kò lè kà á. Èmi ni mo jókòó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ló wá, ó sì ti kọ ọ́ pé òun kò lè mọ ibi tí òrùlé ń jò. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù kẹta, mo fi fọ́tò yàrá ìhà ìlà-oòrùn ránṣẹ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó yọ owó páánù mẹ́fà kúrò nínú iye méjèèjì, kò sì gba sẹ́fà kan lórí rẹ̀. Iye tuntun yẹn ni a fi san ìpín ẹ̀gbọ́n mi.