Sinemet 25/100: ohun tó lè ṣe, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Nọ́mbà méjì ló wà lára páálí Sinemet, oògùn àrùn Parkinson (àrùn ọpọlọ tó ń mú ara gbọ̀n, tó sì ń mú un le), ẹ má fojú fo ọ̀kankan. 25 ni carbidopa, 100 ni levodopa, mílígíráàmù la fi wọ̀n wọ́n. Levodopa ni ọpọlọ fi ń ṣe dópámìn, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìṣísẹ̀ ara, tó ti dín kù lára ẹni tó ní àrùn Parkinson. Carbidopa kì í wọ ọpọlọ ní tiẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni, kì í jẹ́ kí ara ba levodopa jẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ yìí gbọ́dọ̀ tó mílígíráàmù 70 sí 100 lójúmọ́. Ìdí nìyí tí 25/100 fi sàn ju 25/250 lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: hóró kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ti di 75. Ẹni tó ń gé 25/250 sí méjì, tó ń lo ààbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, carbidopa 37.5 péré ló rí, èébì á sì máa gbé e. Wọ́n á ní oògùn kò bá a lára mu, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ni kò pé.

Ẹ lò ó ní 30 ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ, tàbí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín, ẹran àti ẹja a máa bá levodopa du ọ̀nà nínú ìfun. Ẹ fi wákàtí méjì sáàárín òun àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin.

Ó ń ṣiṣẹ́ gidi. Ọwọ́ tí kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù láàárọ̀ lè dè é kí wákàtí kan tó pé. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ ṣì máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí oògùn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Thalamus, apá kan láàárín ọpọlọ, wà lára ibi tí àwọn onímọ̀ ń wò láti mọ ohun tó fà á. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan láàárín rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí striatum, apá ọpọlọ tó ń darí ìṣísẹ̀, pàápàá bí nǹkan bá yọ lójijì tó yẹ kéèyàn yí ìṣísẹ̀ padà. Glutamate, èròjà ọpọlọ mìíràn, ni wọ́n fi ń ránṣẹ́, kì í ṣe dópámìn, bẹ́ẹ̀ àrùn yìí a máa pa tó 30 sí 40 nínú 100 wọn. Kò sí hóró tó lè rọ́pò wọn. Ẹ má torí ẹsẹ̀ yìí fi kún oògùn láìbi dókítà. Àpọ̀jù rẹ̀ ló ń mú ara máa lọ́ fúnra rẹ̀.

Èso yèrèpè ní levodopa lóòótọ́, àmọ́ kò ní carbidopa, ìwọ̀n inú rẹ̀ kì í sì í dọ́gba. Ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Kí ẹ ra òmíràn kí tọwọ́ yín tó tán. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì, ara rẹ̀ lè gan pátápátá, kí ibà líle sì tẹ̀ lé e: ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.