Sẹ́lò plywood mi ní Èkó: ó dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó tí ẹ sì fẹ́ kọ́ sẹ́lò (cello), ohun èlò orin tó dà bí fáyólìn ńlá tí a ń jókòó ta, ti plywood ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Mo mọ̀ pé àwọn olórin kan ò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Ojúlówó igi, spruce lójú, maple lẹ́yìn, ló ń dún jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí òjò bá dé, igi yẹn á mu ọ̀rinrin, á wú. Tí ọyẹ́ bá fẹ́, á sún kì, ó sì lè là. Tèmi, tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, kò tíì là níbì kankan. Àwọn igi tí a fi ń lọ́ okùn nìkan ló máa ń yọ̀ lásìkò ọyẹ́, ẹfun díẹ̀ ni mo fi ń pa wọ́n.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi kórìíra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi sẹ́lò. Ẹni tó tà á fún mi ló gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé okùn dúró sódì. Lápá okùn A, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ló yẹ kó ti rẹlẹ̀, kó ga lápá okùn C, èyí tó nípọn jù. Bó ṣe wà nígbà yẹn, okùn A ń gé mi níka, okùn C ń ha mọ́ pátákó tí a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́. Olùkọ́ mi dẹ okùn díẹ̀, ó yí igi náà padà, ó parí. Ẹ má tú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà o! Igi róbótó kan wà nínú ikùn sẹ́lò tí kò ní ìṣó, tí kò ní gúlù. Bí okùn ṣe tẹ ojú sẹ́lò mọ́lẹ̀ ló dì í mú. Bó bá ṣubú, ẹ ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún gbé dúró títí.

Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Okùn tó bá a wá ń ké jù. Mo pààrọ̀ rẹ̀, okùn D sì wá ń dún bí ohùn bàbá àgbà tó ń kí ọmọ rẹ̀ kú àárọ̀. Okùn C nìkan ni kò tíì jinlẹ̀ tó.

Iṣẹ́ wà. Fáyólìn pọ̀ l'Ékòó, sẹ́lò ò tó nǹkan. MUSON, ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ní ilé ẹ̀kọ́ orin l'Óníkan, ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ pè mí, lẹ́yìn náà ìgbéyàwó. Níbi ìgbéyàwó, tí mo bá fa ìka lórí okùn láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn, bí àwọn onígòjé ṣe ń ṣe nínú sákárà, àwọn àgbà á gbórí sókè. Ìyá kan náwó fún mi, ó ní òun gbọ́ Yusuf Olatunji nínú rẹ̀. Inú mi dùn gan-an.

Ọkọ̀ ni ìnira tó kù. Nínú dánfó, owó èèyàn méjì ni kọ̀ńdọ́ ń gbà. Àpò aṣọ tó bá sẹ́lò wá kò nípọn rárá. Ẹ ra èyí tó ní fóòmù kí ẹ tó gbé e jáde.