Oúnjẹ eṣinṣin èso inú ìgò, tí wọ́n ń sè ní Ìsánlú

Oúnjẹ àwọn eṣinṣin tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí nìyí. Àgbàdo, ṣúgà, yíìsì àti agar (èròjà inú ewé òkun tó ń mú oúnjẹ dì) ni wọ́n fi sè é. Ó dì dáadáa, ìdin sì ń jẹ ẹ́ geere. Èbu, ìyẹn olú tó ń hù lórí oúnjẹ, ló ba iṣẹ́ jẹ́: wọ́n ń da oògùn èbu sí i nígbà tó ṣì ń hó, ló bá ń bá ooru lọ. Ó yẹ kó kọ́kọ́ tutù tó 60°C. Wọ́n tún ń dé ìgò ní gbígbóná. Oru á di omi, á kán sílẹ̀, eṣinṣin á lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré o. Eṣinṣin dunce, tí àbùdá rẹ̀ kan ti yí padà, tí wọ́n ròyìn ní 1976, kì í rántí òórùn tó gbọ́ nígbà tí iná gbé e. Eṣinṣin tí oúnjẹ burúkú mú kó rẹ̀ náà á kùnà bẹ́ẹ̀, a ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti àbùdá.

Ẹ tọ́jú ìgò sí 25°C. Ooru Ìsánlú lóṣù Kẹta ti pọ̀ jù fún wọn.