Camry tàbí Accord, Lexus tàbí Benz: Ìfiwéra Orúkọ àti Ojú Ọkọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Ra Tòkunbọ̀ ní Àgbádárìgì

Ìbéèrè tí àwọn tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ sábà máa ń bi mí ní Àgbádárìgì ni pé èwo ni ó dára jù nínú Toyota àti Honda, tàbí nínú Lexus àti Benz. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n kò tíì délé. Ilé-iṣẹ́ kan a máa fi orúkọ kan ṣoṣo pe oríṣiríṣi ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn, jíà wọn àti ìrísí wọn kò bá ara wọn tan. Camry ni ti ọdún 1998, Camry náà ni ti ọdún 2015. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé Camry ni òun ń wá kò tíì sọ ohun tí òun ń wá. Èrò tèmi ni pé orúkọ tí àwọn ará ìgboro fún ọkọ̀ wúlò fún olùrajà ju èyí tí ilé-iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ lọ, àti pé ojú ọkọ̀, bí ó ti wù kí ó fani mọ́ra tó, ni ó yẹ kí a san owó fún kẹ́yìn.

Kì í ṣe òní ni a ti ń sọ ọkọ̀ lórúkọ. Gbogbo àwa tí a ń gba òpópónà márosẹ̀ Àgbádárìgì ni a mọ ibùdókọ̀ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, níbi tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975. Ọkọ̀ tí òyìnbó ń pè ní Beetle, tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ Type 1 sí nínú ìwé, ni àwọn bàbá wa pè ní Ìjàpá, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ náà tí kò mọ ọkọ̀ tí wọ́n ń sọ. Peugeot nìkan ni mo lè yìn nínú àwọn tí ó ń ta ọkọ̀ fún wa nígbà náà, nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ ní ìtumọ̀: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó, èyí tí ó kẹ́yìn ń sọ ìran tí ó jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni 505 fi tẹ̀lé 504.

Camry àti Accord

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ to orúkọ ìgboro wọn jọ. Ní ti Camry, Orobo ni èyí tí ó jáde láàárín 1992 sí 1996, Pencil Light ni ti ìparí àwọn ọdún 1990, Big Daddy ni ti 2002 sí 2006, Muscle ni ti 2007 sí 2011, Spider sì ni ti 2015 sí 2017. Ní ti Accord, Bullet ni ti 1994 sí 1997, Baby Boy ni ti 1998 sí 2002, End of Discussion ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, Discussion Continues ni àtúnṣe rẹ̀ ti 2006 àti 2007, Evil Spirit sì ni ti 2008 sí 2012. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Àjàrá tí ẹ sọ pé súọ́kì Big Daddy ni ẹ ń wá, ó ti mọ èyí tí yóò lọ mú. Bí ẹ bá sọ pé ti Camry ni, ìbéèrè ni yóò máa dà bò yín.

Toyota fúnra rẹ̀ fẹ́ràn adé púpọ̀ nínú orúkọ. Crown tí ó jáde ní 1955 ni adé gan-an, adé náà ni Corona, Camry sì ti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Japan fún adé wá, èyí tí í ṣe kanmuri. Orúkọ tí ó níyì ni, mo sì gbà pé ó dùn ún pè, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí a bá gbé Big Daddy àti End of Discussion sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin ti àwọn méjèèjì jẹ́ lítà 2.4, ṣéènì ni ó sì wà nínú wọn, kì í ṣe bẹ́líìtì tí a óò máa ka ọjọ́ tí yóò já. Ìsàlẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Toyota fi súọ́kì àti apá kan ṣoṣo nísàlẹ̀ gbé táyà iwájú Camry ró. Honda fi apá méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, gbé ti Accord, èyí sì ni ó ń jẹ́ kí Accord di ilẹ̀ mú ṣinṣin nígbà tí ó bá ń ya kọ́nà, tí ẹni tí ó wà nídìí ìwakọ̀ fi máa ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí apá bá ti pọ̀, búṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì náà pọ̀ nìyẹn, àwọn kòtò tí ó wà láàárín Àgbárá àti Àgbádárìgì kì í sì í dá èyíkéyìí sí. Ẹni tí yóò máa gba ojú ọ̀nà yẹn lọ sí Èkó lójoojúmọ́ yóò máa tú iwájú Accord wò ju ti Camry lọ. Accord tún sún mọ́ ilẹ̀ jù ú lọ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́ńpà iwájú End of Discussion tí ó ti lo ọdún díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ óò rí i pé etí rẹ̀ ti ya, wọ́n sì ti fi wáyà rán an.

Ní ti ẹwà, Big Daddy ga, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, bọ́ńẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì sí ìlà tí kò wúlò lára rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn ń rí ìta, orí àgbàlagbà kì í kan òkè. Iwájú End of Discussion dára jù ú lọ lójú mi, nítorí pé iná rẹ̀ ta sẹ́yìn lọ́nà tí ó fi dà bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń rìn nígbà tí ó bá dúró, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò bá iwájú yẹn mu rárá. Ilé-iṣẹ́ Honda pàápàá tún ìdí náà ṣe ní 2006, Discussion Continues sì ni mo gbà pé ó lẹ́wà jù nínú gbogbo Accord tí ó ti wọ ìlú wa.

Ní ti Muscle àti Evil Spirit, níbẹ̀ ni ó ti yẹ kí olùrajà ṣọ́ra gidigidi, nítorí pé ibẹ̀ ni orúkọ ìgboro fúnra rẹ̀ kò ti tó. Muscle méjì ni ó wà lábẹ́ orúkọ kan. Ti 2007 sí 2009 tí ó ní sílíńdà mẹ́rin ṣì ń lo ẹ́ńjìnnì lítà 2.4, èyí tí a mọ̀ káàkiri ayé pé ó máa ń jẹ epo ẹ́ńjìnnì bí ó bá ti ń dàgbà, débi pé Toyota ní láti ṣètò àtúnṣe fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ sí lítà 2.5. Ojú méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò tẹjú mọ́ gíríìlì àti iná ẹ̀yìn kò ní mọ ìyàtọ̀. Nítorí náà, Muscle 2010 tàbí 2011 ni kí ẹ wá, bí owó bá lè dé ibẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé onísílíńdà mẹ́fà ni ẹ ń fẹ́, lítà 3.5 ni ti Muscle àti ti Evil Spirit, ṣùgbọ́n ṣéènì ni ti Toyota, bẹ́líìtì ni ti Honda. Ẹni tí ó ra Evil Spirit V6 tí kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó gbé ọkọ̀ náà rin ìrìn kankan. Mo gbọ́dọ̀ yin Honda pé inú Evil Spirit gbòòrò gan-an. Àwọn ìjọba Amẹ́ríkà kà á mọ́ ọkọ̀ ńlá, nígbà tí Camry ṣì wà láàárín.

Spider ni ojú tí ó ń gba owó jù nínú gbogbo wọn. Ní ọdún 2015, Toyota pààrọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo irin ara Camry àfi òrùlé, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 àti jíà ọ̀tọ́mátíìkì onípele mẹ́fà tí ó wà nínú ti 2012 náà ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹnu gíríìlì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ bọ́ńpà, ẹnu yẹn ni ó sì máa ń kọ́kọ́ gbá ilẹ̀ nínú kòtò. Ti 2012 sí 2014 ni èmi yóò rà, n ó sì fi owó tí ó kù ra táyà mẹ́rin tuntun.

Lexus àti Benz

Nọ́ńbà ni àwọn wọ̀nyí fi ń sọ̀rọ̀, nígbà kan sì rí, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. RX 300, RX 330 àti RX 350, tí wọ́n jẹ́ jíìpù Lexus, ń sọ lítà 3.0, 3.3 àti 3.5 gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n RX 350 tuntun tí ó jáde fún ọdún 2023 jẹ́ lítà 2.4 tí ó ní tọ́bò tí ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà náà kò sì yí padà. Benz ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú. C 300 ti ìran W204 tí ó wọ́pọ̀ láti Amẹ́ríkà jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà lítà 3.0 ní ìbẹ̀rẹ̀; C 300 ti W205 jẹ́ onísílíńdà mẹ́rin lítà 2.0 tí ó ní tọ́bò. Orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n páàtì, epo àti mẹkáníìkì tí yóò tọ́jú wọn yàtọ̀. Ó dùn mí pé ilé-iṣẹ́ tí ó níyì tó báyìí sọ nọ́ńbà di ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Kí olùrajà má sì jẹ́ kí ìyípadà orúkọ dà á lọ́kàn rú. Jíìpù ML ni Benz sọ di GLE ní 2015, GLK ni ó di GLC, GL ni ó di GLS.

Bí ẹ bá ń yàn láàárín RX 350 ti 2010 sí 2015 àti ML 350, RX ni kí ẹ mú fún ojú ọ̀nà wa, ìdí rẹ̀ kò sì pamọ́. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó wà nínú Camry V6, Sienna àti Highlander ìgbà náà, nítorí náà ẹ óò rí páàtì rẹ̀ ní ọjà páàtì ASPAMDA ní Trade Fair, láìdé ọjà Ládìpọ̀ pàápàá. ML jókòó le, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú eré ju RX lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ tí ẹ bá pa á dé, ìró rẹ̀ nìkan tó láti fi mọ̀ pé irin gidi ni. Ní ti GL 450, súọ́kì afẹ́fẹ́ ni ilé-iṣẹ́ fi gbé e ró, n kò sì lè gba ẹni tí ń gbé ní Àgbádárìgì níyànjú láti rà á, àyàfi bí owó àtúnṣe kò bá ká a lára.

Ojú RX ni mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Ti 2010 sí 2012 ní gíríìlì kékeré tí ó mọ ipò rẹ̀. Láti ti 2013 ni Lexus ti fún un ní ẹnu ńlá tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìbàdí, èyí tí ó kọ́kọ́ fi sí ara ọkọ̀ GS rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀, iye tí wọ́n ń san lé e kò sì kéré. Lójú tèmi, ẹnu náà tóbi ju ojú lọ. Benz ní tirẹ̀ fi òye ṣe é nínú W204: ẹni tí ó fẹ́ràn ìwà àgbà lè ra èyí tí ìràwọ̀ rẹ̀ dúró lórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó fẹ́ràn eré a ra èyí tí ìràwọ̀ ńlá wà láàárín gíríìlì, ọkọ̀ náà kò sì pàdánù ojú rẹ̀ nínú èyíkéyìí.

Kia àti Hyundai kò ní gbà wá pẹ́. Láti ìgbà tí Kia ti gba Peter Schreyer, ayàwòrán ọkọ̀, síṣẹ́ ní 2006 ni ọkọ̀ wọn ti ní ojú kan tí a dá mọ̀, mo sì yìn wọ́n fún un. Àmì tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 2021 ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè kà á. Ọkọ̀ tó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n títà rẹ̀ padà kì í yá bíi ti Toyota.

Ojú tí a pààrọ̀ àti nọ́ńbà tí kì í purọ́

Gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa ojú ni ó mú kí iṣẹ́ àwọn tí ń yí ojú ọkọ̀ padà gbilẹ̀. Wọ́n a mú RX 350 ti 2010, wọ́n a tú bọ́ńpà, gíríìlì àti iná rẹ̀, wọ́n a sì fi ti 2015 sí i. N kò bá ẹni tí ó fẹ́ fi ojú tuntun dá ara rẹ̀ lọ́rùn jà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tà á fún yín ní iye ti 2015 ti rẹ́ yín jẹ. Ẹ wo nọ́ńbà ṣáásì. Nọ́ńbà àti lẹ́tà mẹ́tàdínlógún ni ó jẹ́, èyí tí ó wà ní ipò kẹwàá ni ó sì ń sọ ọdún lára ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà àti Kánádà: 7 ni 2007, 9 ni 2009, A ni 2010, C ni 2012, F ni 2015. Èyí tí ó wà ní ipò kìíní ń sọ ibi tí wọ́n ti tò ó: 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà, J ni Japan, W ni Jámánì. Èyí tí ó ti gbé ní Kánádà, kí ẹ rí i pé wọ́n gbé e sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù a máa jẹ irin, afẹ́fẹ́ òkun tiwa níhìn-ín yóò sì parí ohun tí iyọ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù pẹ̀lú. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀, Sẹ̀mẹ̀ sì wà lára rẹ̀, nítorí náà ìwé ọkọ̀ tí ó wọlé lẹ́yìn ìgbà náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé èbúté ni ó gbà wọlé. Ẹ wá nọ́ńbà ṣáásì lára dáṣíbọ́ọ̀dù lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ wá a lára ìwé tí ó lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ sì fi àwọn méjèèjì wé èyí tí ó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yàtọ̀, ẹ má san kọ́bọ̀.