Áàpù tó ń sọ bí èrò ṣe máa pọ̀ tó nínú ọkọ̀ ojú irin ìgboro: bí mo ṣe rí i

Áàpù yìí wúlò lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dé lásìkò. Tí ọkọ̀ bá ti pẹ́, ẹ má tẹ̀ lé e.

Àwọ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Àwọ̀ ewé: àga ṣì wà. Yẹ́lò: ẹ máa dúró ni. Pupa: wọ́n ti há mọ́ra. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ lásán, bó ṣe wí náà ló máa ń rí. Kò yani lẹ́nu, torí ẹ̀rọ tó wà lókè ilẹ̀kùn ọkọ̀ ń ka ẹni tó wọlé àtẹni tó bọ́ sílẹ̀, ohun tó sì kà sílẹ̀ láwọn ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fi ń ṣírò tòní. Ṣé ẹ wá rí i pé alẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà ní pápá, ọ̀rọ̀ á bẹ́yìn yọ.

Ọkọ̀ tó pẹ́ ló burú jù. Tó bá yẹ kí ọkọ̀ máa wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá tí ọ̀kan ò wá, èyí tó tẹ̀ lé e ló máa kó èrò ọkọ̀ méjèèjì. Wíwọlé wọn á pẹ́, èrò á tún máa pọ̀ sí i níwájú, èyí tó wà lẹ́yìn á wá sún mọ́ ọn lófìfo. Láàárọ̀ ọjọ́ òjò kan báyìí, áàpù ní àwọ̀ ewé ni. Ilẹ̀kùn pa dé, ó tún ṣí, ó tún pa dé, báàgì ọmọléèwé kan ló há sẹ́nu rẹ̀. Mo jẹ́ kó lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e, tí áàpù kùn ní pupa, ìlà àga kan gbáko ni mo bá lófìfo. Àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì ni mo kọ́kọ́ ń wò báyìí, àwọ̀ ló ń tẹ̀ lé e.

Ohun tó tún ń bí mi nínú: ọkọ̀ kan ní kóòṣì méjì tí wọ́n so mọ́ra, àwọ̀ kan ṣoṣo! Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ mọ̀ pé kóòṣì tó dojú kọ àtẹ̀gùn ló máa ń kún. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rọ tó ń kà, ìlànà GTFS Realtime tí ọ̀pọ̀ áàpù ìrìnnà fi ń gba ìròyìn nípa ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà sì ti fàyè sílẹ̀ láti sọ ti kóòṣì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kí ló wá dé tí wọn ò ṣe é?

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Tí wọ́n bá ya kóòṣì sọ́tọ̀, màá sọ ọ́ di mẹ́rin.